Ilé Mítà Méje Lórí Omi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú okùn kan, kí ẹ fi wọn mítà 7 àti ààbọ̀ nínú àgbàlá yín. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má tó mítà 3. Kí iwájú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tún fún wọlé díẹ̀. Inú ibẹ̀ ni kí ẹ kó ibùsùn sí, àti ibi ìdáná, àpótí aṣọ, ìwé, oúnjẹ oṣù méjì, omi mímu, okùn, ìdákọ̀ró àti irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tí ẹ bá ṣe èyí tán, kí bàbá àti ìyá wọ inú rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì máa mì tọ̀sán tòru.

Irú ilé báyìí ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Larry Pardey àti ìyàwó rẹ̀ Lin gbé fún ọdún 11. Ọkọ̀ ojú omi onígbòkun ni, orúkọ rẹ̀ ni Seraffyn. Kò ní ẹ̀rọ rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e lọ, bí afẹ́fẹ́ kò bá sì sí, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ wọn wá sí ojú ewé ìdílé ni pé ẹjọ́ méjì ni a máa ń gbọ́ jù láàárín àwọn tọkọtaya ìjọ wa. Èkíní ni ti àwọn tí wọn kì í rí ara wọn: bàbá wà ní Libreville tàbí ní Èkó, ìyá wà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó di Kérésìmesì kí wọ́n tó jọ jẹun. Èkejì ni ti àwọn tí wọ́n ń rí ara wọn jù, tí wọ́n há sínú yàrá kan ní Kútọnu, tí ọ̀rọ̀ kékeré sì ń di ariwo nítorí pé kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá sí. Lin àti Larry mọ ẹjọ́ kejì yìí dunjú, nítorí pé bí èdè àìyedè bá ṣẹlẹ̀ ní àárín òkun, ọkọ kò lè lọ jókòó ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyàwó kò sì lè kó ẹrù lọ sí ilé ìyá rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni Larry, wọ́n bí i ní 1939. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Lin, wọ́n bí i ní 1944. Wọ́n pàdé ní 1965 ní Newport Beach, ní ilẹ̀ California, etí òkun Pàsífíìkì. Nígbà náà, Larry ti ní àwòrán ọkọ̀ kan lọ́wọ́, èyí tí ọ̀gbẹ́ni Lyle Hess yà, ó sì ti pinnu pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun kàn án. Lin kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ onígbòkun. Ó kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì jọ fi igi kan ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́ta ó lé, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Ní 1968 ni wọ́n tì í sínú omi, ọdún yẹn kan náà sì ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ní 1969 wọ́n ta gúúsù, wọ́n ń tẹ̀lé etí ilẹ̀ Mẹ́síkò díẹ̀díẹ̀. Wọn kò dá ọjọ́ ìpadàbọ̀. Àdéhùn wọn ni pé àwọn yóò máa lọ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń dùn mọ́ àwọn.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni a ń pè ní kí ènìyàn máa fi ọkọ̀ onígbòkun tẹ̀lé etí ilẹ̀? Àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé ní Àjàṣẹ́ kò nílò àlàyé gígùn. Wọ́n ti rí ọkọ̀ àwọn apẹja lórí adágún Nókúé, tí wọ́n fi àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun, tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ láti ìhà Ganvié. Ọgbọ́n kan náà ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wá, ọmọdé lè darí ọkọ̀. Bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ọkọ̀ a máa sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti iwájú wá, níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Kò sí ọkọ̀ onígbòkun tí ó lè kọjú sí afẹ́fẹ́ gan-an kí ó sì máa lọ. Ọkọ̀ tí a kàn dáradára, tí ó ní igi àti irin wúwo lábẹ́ inú tí ó fi di omi mú, yóò lọ sí apá ọ̀tún afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò yí, yóò lọ sí apá òsì, yóò tún yí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rìn kọ́lọkọ̀lọ títí yóò fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ọ̀nà tí ojú rí pé kò ju kìlómítà 20 lọ lè di 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé wọn kò gba ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ wọn. Àwọn ìdí wọn kò le láti yé ni. Ẹ̀rọ ń gba àyè, àyè kò sì sí. Ó ń jẹ owó láti rà á, láti bọ́ ọ, láti tún un ṣe. Òórùn rẹ̀ ń wọ inú ibùsùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ní ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kì í kọ́ ìgbòkun dáadáa, nítorí pé nígbà tí ó bá le, ẹ̀rọ ni yóò sáré sí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kú pátápátá ní ẹnu èbúté, Larry yóò mú àjẹ̀ gígùn kan ṣoṣo, yóò fi í sí ìdí ọkọ̀, yóò máa fì í sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ẹja, ọkọ̀ tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún yóò sì máa rọra rìn. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, wọ́n á ju ìdákọ̀ró, wọ́n á sè oúnjẹ, wọ́n á dúró de afẹ́fẹ́. A kò rò pé gbogbo ènìyàn ní láti ṣe bẹ́ẹ̀, apẹja tí ó ní ọmọ márùn-ún láti bọ́ kò lè máa dúró de afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi bí ó bá so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn méjì yìí mọ ohun tí ó tó wọn ni.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ilé wọn.

Lin kúrú púpọ̀, kò tó mítà 1 àti ààbọ̀. Larry síngbọnlẹ̀. Nítorí náà gbogbo okùn àti ìgbòkun inú ọkọ̀ ni wọ́n ṣètò kí agbára obìnrin kúkúrú yìí lè ká a ní òun nìkan, bí ọkọ rẹ̀ bá ń sùn tàbí bí ó bá ṣàìsàn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin bàbá: mélòó nínú wa ni ó ti ṣètò ilé kí ìyàwó rẹ̀ lè mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, àti ẹni tí ó jẹ wá lówó?

Ní òru, bí wọ́n bá wà lójú òkun, ẹnìkan yóò sùn, ẹnìkan yóò ṣọ́nà. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Larry ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun èlò kan sí ìdí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń yí i, òun ni ó sì ń di ìtọ́kọ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ṣọ́nà kò ní láti jókòó ti ìtọ́kọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo yíká bóyá iná ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀. Ọkọ̀ onírin ńlá kì í rí ọkọ̀ kékeré. Bí ẹni tí ó wà lẹ́nu ìṣọ́ bá sùn lọ, ẹni tí ó wà lórí ibùsùn lè má jí mọ́. Kò sí ìwé àdéhùn tí ọkọ àti aya lè fọwọ́ sí tí ó lágbára tó oorun tí ẹnìkan sùn nígbà tí ẹnìkejì ń ṣọ́ ọ.

Àtùpà olóróró ni wọ́n ń tàn. Wọn kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi, korobá ni wọ́n ń lò, wọn kò sì tijú láti sọ ọ́. Wọn kò ní fìríjì. Àpótí kan wà tí wọ́n ń kó yìnyín sí nígbà tí wọ́n bá rí i rà ní èbúté, bí yìnyín bá ti yọ́ tán, ẹran tútù parí nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tà ní ọjà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Lin kọ́ ọgbọ́n tí ìyá àgbà mọ̀: ẹyin tí kò tíì wọ inú fìríjì rí ni kí ènìyàn rà, kí ó máa yí i padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí pupa rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Ẹyin bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Àlùbọ́sà, ọ̀dùnkún àti kábéèjì tí ara rẹ̀ le a máa pẹ́, bí a bá ń yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́, tí a ń yọ èyí tí ó ń jẹrà kúrò kí ó tó ba ìyókù jẹ́. Omi tí kò níyọ̀, ìwọ̀n ni. Omi òkun ni a fi ń fọ abọ́.

Ó kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ní 1980. Nígbà tí wọ́n ń ti Japan lọ sí Kánádà, ọjọ́ 49 ni wọ́n lò lórí omi láìrí ilẹ̀. Lin kọ ohun tí wọ́n jẹ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ 49, pẹ̀lú ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí ó kù. Àwọn kan lè rò pé kò sí ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ó dára ju ọ̀pọ̀ ìwé akọni tí àwọn ọkùnrin ń kọ nípa òkun lọ, níbi tí ìgbì ń ga bí òkè ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹun.

Owó ńkọ́? Wọn kì í ṣe olówó. Ibi tí wọ́n bá dé ni Larry ti ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ó ń tún òpó àti okùn ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ṣe. Nígbà mìíràn, wọ́n á bá olówó gbé ọkọ̀ rẹ̀ láti èbúté kan dé èkejì, kí wọ́n tó padà sínú tiwọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Lin bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn fún àwọn ìwé ìròyìn atukọ̀, ìyẹn náà sì di oúnjẹ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, wọ́n ń ṣí lọ, owó ń tán, wọ́n ń dúró. Báyìí ni wọ́n ṣe la odò Panama kọjá, tí wọ́n dé Falmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wọ òkun Baltic lọ sí Denmark àti Finland, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí òkun Mẹditaréníà, tí wọ́n gba Òkun Pupa lọ sí ìlà oòrùn, dé Japan, kí wọ́n tó padà sí etí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbéra.

Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé àárín òkun ni ewu wà. Àwọn atukọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Omi jíjìn kì í fọ́ ọkọ̀ bí kò ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ni ó ń fọ́ ọ. Bí ìjì bá bá ọkọ̀ kékeré ní òkun gbangba, àwọn tí inú rẹ̀ lè dín ìgbòkun kù, kí wọ́n so ìtọ́kọ̀ sí apá kan, kí ọkọ̀ fi èjìká gba ìgbì, kí ó sì dúró sójú kan bí ẹni tí ń tòògbé, títí ìjì yóò fi kọjá. Ọgbọ́n yìí ni Lin àti Larry fi kọ́ àwọn atukọ̀ púpọ̀, wọ́n sì kọ ìwé lé e lórí ní 1995. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá wà nítòsí tí afẹ́fẹ́ ń tì ọ́ lọ síbẹ̀, kò sí àyè láti tòògbé. Ẹ rántí ọkọ̀ tí ó gbé Pọ́ọ̀lù Mímọ́: nígbà tí wọ́n wọn omi tí wọ́n rí i pé ó ń dín kù, ìdákọ̀ró mẹ́rin ni wọ́n sọ láti ìdí ọkọ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà kí ilẹ̀ mọ́. Òkun kọ́ ni ó bà wọ́n lẹ́rù ní òru yẹn. Àpáta etí òkun ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Cabo San Lucas, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Baja California ní Mẹ́síkò, fi èyí hàn. Oṣù Kejìlá ọdún 1982 ni. Ìyawọ̀ omi náà dára, iyanrìn rẹ̀ funfun, àwọn atukọ̀ onígbòkun sì pọ̀ níbẹ̀. Ní àkókò òtútù, àríwá ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń wá, ilẹ̀ sì ń dí i, omi a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Nítorí náà wọ́n so ọkọ̀ sún mọ́ iyanrìn, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìjì ti gúúsù-ìlà oòrùn wá, níbi tí ìyawọ̀ náà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìgbì wọlé. Okùn ọkọ̀ kan lọ́ mọ́ ti èkejì, ìdákọ̀ró fà, ọkọ̀ tí ó já kọ lu èyí tí kò tíì já. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ tí ó lé ní 20 ni ó ti wà lórí iyanrìn. Ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́, ilé àwọn tọkọtaya tí wọ́n ti ta gbogbo ohun tí wọ́n ní láti rà á.

Lin àti Larry kò sí nínú ìjì náà, wọ́n wà ní California. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n bi àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí léèrè, wọ́n sì tún bi àwọn tí ọkọ̀ wọn bọ́. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro láti sọ. Ó ṣe pàtàkì kí okùn tàbí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró gùn tó ìlọ́po márùn-ún sí méje ìjìnlẹ̀ omi, kí ìfà rẹ̀ lè wà nílẹ̀. Nínú èrò, kò sí àyè fún irú okùn bẹ́ẹ̀. Ó ṣe pàtàkì pẹ̀lú kí ènìyàn tètè jáde nígbà tí ojú ọ̀run bá yí padà, kódà bí oúnjẹ bá wà lórí iná, kódà bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó ń jáde, tí àwọn aládùúgbò sì ń wò ó bí ojo. Kí ènìyàn tó lè jáde lóru, kò yẹ kí ẹrù wà káàkiri nínú ilé. Ẹni tí ó bá ti mọ ilẹ̀kùn èbúté nígbà tí oòrùn wà, òun ni yóò rí i nínú òkùnkùn.

Lára àwọn ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní òru yẹn ni Joshua, ọkọ̀ onírin pupa Bernard Moitessier. Àwọn tí wọ́n ń ka Faransé nínú wa mọ orúkọ rẹ̀. A kò lè ṣàì sọ díẹ̀ nípa rẹ̀ níbí, nítorí pé òun náà ti bá ìyàwó gbé inú ọkọ̀ rí. Ní 1963 ni òun àti ìyàwó rẹ̀ Françoise kúrò ní Marseille. Françoise ní ọmọ mẹ́ta, àwọn ọmọ náà sì dúró sílé. Nígbà tí wọ́n dé Tahiti, àárò àwọn ọmọ ń sọ wọ́n, wọ́n sì yan ọ̀nà tí ó yá jùlọ padà sí Yúróòpù, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí ó burú jùlọ: wọ́n gba ìsàlẹ̀ Cape Horn, ìpẹ̀kun gúúsù Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 126 ni wọ́n lò láti Tahiti dé Alicante ní ilẹ̀ Spain, láìdúró níbì kankan, ní 1965 sí 1966. Obìnrin kan gba Cape Horn kọjá kí ó lè tètè rí àwọn ọmọ rẹ̀. A gbóríyìn fún un.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Moitessier nìkan ni ó lọ. Ìdíje ni, láti yí ayé po láìdúró. Ó gbéra ní Plymouth ní oṣù Kẹjọ 1968. Ó ti yí ìsàlẹ̀ Cape Horn kọjá, ó ti ń bọ̀ wá sílé, ó ṣeé ṣe kí ó gba ẹ̀bùn owó náà, ìyàwó rẹ̀ sì ń retí rẹ̀ ní Faransé. Ó yí ọkọ̀ padà. Kò lọ sílé. Ó tún la òkun gúúsù kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gúnlẹ̀ sí Tahiti ní oṣù Kẹfà 1969. Títí di òní, àwọn ọ̀dọ́ Faransé ń yìn ín fún un, pé ó kẹ́yìn sí owó àti òkìkí. Òtítọ́ ni pé ó kẹ́yìn sí owó. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ ojú ewé ìdílé kò lè ka ìtàn náà láìbi ara wa pé, ta ni ó lọ sọ fún Françoise? Ní ti Joshua, wọ́n fà á kúrò nínú iyanrìn, wọ́n tún un ṣe, ó sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti La Rochelle lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ tọkọtaya wa. Lẹ́yìn Seraffyn, wọ́n fẹ́ ọkọ̀ tí ó tóbi díẹ̀ sí i, ẹ má rò pé ó tóbi lọ títí: mítà 9 ni. Orúkọ rẹ̀ ni Taleisin. Láti 1980 dé 1983 ni wọ́n fi kàn án, nínú àfonífojì kan ní California tí wọ́n ń pè ní Bull Canyon, ibi tí ó jìnnà sí òkun, tí kò sí iná mọ̀nàmọ́ná, tí kò sí tẹlifóònù. Nínú ọkọ̀ tuntun náà, Lin rí ohun kan gbà tí kò ní nínú ti àkọ́kọ́: ọpọ́n ìwẹ̀ kékeré tí ènìyàn lè jókòó sí. Lẹ́yìn ọdún 15 ìgbéyàwó, ọpọ́n ìwẹ̀! Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ ní kí ọkọ àfẹ́sọ́nà yín kọ́kọ́ kọ́lé alájà kí ẹ tó dáhùn, ẹ gbọ́ o.

Àwọn ohun kan wà nínú ìgbésí ayé wọn tí a kò gbé kalẹ̀ fún àwòkọ́ṣe. Wọn kò bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, a kò sì ní sọ ohun tí wọ́n gbàgbọ́ fún wọn. Ìjọ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹni tí ń gbé lórí omi láti rí Mísà, láti rí àlùfáà, láti rí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe dá iṣẹ́ Àpọ́sítélì Òkun sílẹ̀ ní Glasgow ní 1920, tí Póòpù Pius XI fọwọ́ sí i ní 1922, tí a ń pè ní Stella Maris lónìí, Ìràwọ̀ Òkun, orúkọ Màríà Wúńdíá. Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Keje ni a ń gbàdúrà pàtàkì fún àwọn atukọ̀ àti apẹja, àti fún àwọn ìyàwó tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ilé. Àwọn ìyàwó yìí ni a máa ń gbàgbé jù.

Ahọ́n àti eyín ń jà nínú ẹnu kan, Lin àti Larry náà jà. Lin kò fi pamọ́ nínú àwọn ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ̀ kì í dúró de ìjà. Bí afẹ́fẹ́ bá le, àwọn méjèèjì ní láti jáde lọ dín ìgbòkun kù, bí inú ẹnìkan bá ń bí i gan-an. Láàárín àwọn atukọ̀, òfin kan wà tí a fẹ́ràn púpọ̀: bí ẹnìkan nínú ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá ó yẹ kí á dín ìgbòkun kù, àkókò ti tó nìyẹn. Kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tí ẹ̀rù kọ́kọ́ bà ni a ń gbọ́ tirẹ̀.

Ní 2002, nígbà tí Larry ti lé ní 60 ọdún, wọ́n gbé Taleisin yí Cape Horn po láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ìyẹn ni pé wọ́n kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti ń wá, láìní ẹ̀rọ. Díẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó kéré bẹ́ẹ̀ tí ó ti ṣe é. Lápapọ̀, wọ́n yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rin ju 200,000 máìlì òkun lọ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n bá ènìyàn gbé. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sí ilẹ̀ New Zealand, sí erékùṣù Kawau, níbi tí wọ́n ní ilé kékeré kan àti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kódà ilé orí ilẹ̀ yẹn, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé ibẹ̀.

Níbẹ̀ ni àìsàn ti bá Larry, àrùn Parkinson, tí ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tí ó ń mú ẹsẹ̀ wúwo, tí ó sì tún kan iyè rẹ̀. Ọkùnrin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ méjì kò lè di ayùn mú mọ́. Lin, tí ó ti ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta láti 1969, wá wà lẹ́nu ìṣọ́ tí kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Larry kú ní oṣù Keje 2020, ní ẹni ọdún 80. Lin ṣì ń kọ̀wé lẹ́yìn ikú rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn ìdílé wà nínú àwọn ìjọ tí ó wà ní etí ọ̀sà àti ní etí òkun, tí ọkọ àti ìyàwó jọ ń wa ọkọ̀ kan náà, ọkọ ń da àwọ̀n, ìyàwó ń di àjẹ̀ mú, ọmọ ń sùn láàárín wọn. A fẹ́ gbọ́ láti ẹnu yín bí ẹ ti ń pín iṣẹ́, ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà, àti ẹni tí ẹ ń gbọ́ tirẹ̀ nígbà náà. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé, tàbí kí ẹ sọ ọ́ fún akọ́ni-ní-kátíkísì ìjọ yín kí ó bá yín kọ ọ́. Àwa yóò tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ewé yìí.